Àwẹ̀ró àti Ìkòkò Oòrùn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí ẹní, ẹ sún díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé kí òjò má pa yín. Ta ló ń húkọ́ níbẹ̀ yẹn? Ẹ jẹ́ kó húkọ́ tán, nítorí bí èmi Ọdẹ́níran bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo pe ẹfọ̀n lórúkọ nínú igbó tí ẹfọ̀n sì dá mi lóhùn! Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ bi ìwo tó wà lára ògiri yẹn léèrè. Ẹ gba àgbàdo sísun lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń pín in fún yín yẹn, ẹ jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì la etí. Ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ìtàn ẹ̀gbọ́n mi ni, Àwẹ̀ró, obìnrin kúkúrú tí kò gbé ìbọn rí láyé rẹ̀, tó sì dé ibi tí ìbọn mi kò lè dé.

Nígbà náà, ìlú méjì wà nínú igbó àwọn iwin, ní òdìkejì odò tó wà lẹ́yìn abúlé wa, Ìdí-Àràbà. Ọ̀kan ń jẹ́ Mojùwọ́nlọ, èkejì ń jẹ́ Tèmiyàtọ̀. Ọba wọn méjèèjì kò fẹ́ rí ara wọn sójú. Ọba Mojùwọ́nlọ ní ìkòkò kan, ọba Tèmiyàtọ̀ ní irú rẹ̀. Ìkòkò Oòrùn là ń pè é. Ọmọ oòrùn ni àwọn baba ńlá wọn dọdẹ mú, tí wọ́n sé e mọ́nú ìkòkò, tí wọ́n fi ìdérí irin dé e pa. Bí wọ́n bá ṣí ìdérí yẹn, odindi ìlú á di eérú kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ẹni tí kò bá sì jóná lọ́jọ́ náà, irun á máa re lórí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa ti ẹnu rẹ̀ wá, oyún kò sì ní dúró nínú obìnrin. Ọba kọ̀ọ̀kan ń sọ pé, "Mo gbé e dání kí ọba kejì má baà ṣí tirẹ̀ ni." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà! Àwọn méjì ki iná bọ òrùlé ara wọn, wọ́n ní ilé làwọn ń ṣọ́.

Lọ́jọ́ kan tí gbogbo wa wà lóko, akéde Mojùwọ́nlọ dé etí odò, ó ké sí wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Ìdí-Àràbà, kábíyèsí ní kí n kí yín. Lọ́jọ́ tí a bá jẹ iṣu tuntun, kábíyèsí yóò ṣí ìdérí ìkòkò díẹ̀ lórí ọ̀dàn tó wà nítòsí yín, kí ọba Tèmiyàtọ̀ lè rí i kí ara rẹ̀ sì rọ̀. Ẹ má fòyà. Díẹ̀ ni."

"Díẹ̀ ni kẹ̀?" Àwẹ̀ró ló dá a lóhùn. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní díẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọge ni wọ́n ṣí i díẹ̀ rí, tí atẹ́gùn gbígbóná kan fẹ́ kọjá lórí oko wa. Láti ọjọ́ náà, gbogbo oyún tó ń ní ló ń bàjẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló dúró, òun ni Ìbídùn. Ìbídùn náà sì ti lóyún nígbà tí akéde yìí dé, oyún àkọ́kọ́, ikùn rẹ̀ ti yọ. Àsìkò iṣu tuntun gan-an ni wọ́n ń retí ọmọ náà.

Àwọn àgbà ní ká kó kúrò nílùú. Àwẹ̀ró bi wọ́n pé ibo ni oòrùn kì í dé. Èmi ti ki ìbọn mi, mo ń lu àyà gbàgbà pé mo fẹ́ lọ yìnbọn fún ọba náà lórí ìtẹ́ rẹ̀. Àwẹ̀ró wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, lọ fìdí mọ́lẹ̀. Bí ọta rẹ bá ba ìkòkò yẹn, ta ni yóò kù tí yóò kì ọ́ lóríkì?" Ó ní ọba kì í gbọ́ ẹnu ẹnì kan, ẹnu ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́, òun sì ń lọ wá ọ̀pọ̀ wá. Ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó di gúgúrú sí etí aṣọ, ó sì sọdá odò. Ọkọ́ o! Ó ń lọ bá iwin, ọkọ́ ló gbé dání.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ mọ àáró, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Èmi á wá bá ọ ro oko rẹ lónìí, ìwọ náà á wá ro tèmi lọ́jọ́ tí mo bá pè ọ́. A ó tò ní ọ̀wọ́ kan, a ó gbé ọkọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, a ó jọ sọ ọ́ kalẹ̀, kò sí pé ìwọ ni kó o kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àáró kì í ṣe iṣẹ́ alágbàṣe. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tí kò san án, èèyàn kì í bá a sin òkú rẹ̀, iwin pàápàá kì í bá a da oúnjẹ pọ̀. Àáró yìí ni Àwẹ̀ró gbé wọ igbó.

Kò tíì rìn jìnnà tó fi pàdé Ẹlẹ́nulápá ní oríta. Iwin yìí ga tó ọ̀pẹ, ẹnu ló sì kún apá rẹ̀ láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ń bú, ọ̀kan ń kọrin, ọ̀kan ń pe oúnjẹ. Ni gbogbo wọn bá pa ohùn pọ̀, wọ́n ní, "Ọmọ ènìyàn, dáhùn kí n tó gbé ọ mì. Iná wo ni a kì í lọ fọn nílé aládùúgbò?"

Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró, n kò ní purọ́ fún yín. Ó fi ọkọ́ tilẹ̀, ó ronú, ó ní, "Bàbá, iná tí mo mọ̀, bí mo bá gbé àpáàdì lọ sílé aládùúgbò mi, á fún mi níbẹ̀, tirẹ̀ kò sì ní dín. Á tún bi mí pé ọmọ ńkọ́, ilé ńkọ́. Ṣùgbọ́n iná Ìkòkò Oòrùn, ẹni tó bá fi ta ẹnìkejì rẹ̀ lọ́rẹ kò ní rí ẹni tí yóò kí i pé o ṣeun."

Gbogbo ẹnu náà pa dẹ́ẹ́. Ẹlẹ́nulápá jókòó sílẹ̀ bí ọmọdé, ó bú sẹ́kún. Ó ní láti ìgbà tí atẹ́gùn gbígbóná yẹn ti fẹ́ ni ewé iṣu òun ti ń pọ́n kó tó gbó, òun ń bi gbogbo ẹni tó ń kọjá ní àlọ́ náà, wọ́n ń pè é ní iná orí ahọ́n, wọ́n ń pè é ní iná àjẹ́, òun sì ń gbé wọn mì. Àwẹ̀ró gbé ọkọ́. Ó wọ oko iwin náà, ó bá a hú èyí tó ti kú, ó bá a kọ ebè tuntun. Nígbà tí iwin bi í pé kí ni òun ó fún un, ó ní, "Àáró ni. N ó pè ọ́." Ẹlẹ́nulápá ní, "Àáró? Ẹnikẹ́ni kò bá mi dá àáró rí!" Inú rẹ̀ dùn débi pé gbogbo ẹnu rẹ̀ ló ń kí i ní ó dàbọ̀ títí kò fi gbọ́ wọn mọ́.

Ibi tó dé lẹ́yìn ìyẹn ni n kò fẹ́ràn láti máa sọ. Ẹ bu omi fún mi ná.

Ó dé ìlú kan tí erùpẹ̀ ibẹ̀ funfun, tí ẹyẹ kò ké níbẹ̀. Ògiri dúró, kò sí òrùlé. Àwẹ̀ró wo ara ògiri, ó rí òjìji ọkùnrin kan tó gbé igbá omi sẹ́nu. Ó wẹ̀yìn láti wo ẹni tó ni òjìji náà. Kò rí ẹnìkan. Ó rí òjìji arúgbó tó fi ọ̀pá tilẹ̀, òjìji àwọn ọmọdé tó di ara wọn lọ́wọ́ mú, òjìji obìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Òjìji nìkan ló kù nílùú náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí ìkòkò láyé ọba kan tó ti kọjá, tí iná náà yára débi pé ó kó ara wọn lọ, ó gbàgbé òjìji wọn sára ògiri. Ara Àwẹ̀ró bù máṣọ. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, kò mọ ìgbà tó ṣí gèlè lórí.

Òjìji tó pọn ọmọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá, rọra. Ọmọ yìí kò mọ̀ pé a ti kú. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé, ìgbà wo la máa délé?"

Àwẹ̀ró sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí i pé koríko àti ìtàkùn ti ń gun ògiri náà bọ̀, wọ́n ti bo ẹsẹ̀ àwọn òjìji kan. Bó bá bò wọ́n tán, ta ni yóò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni gbé ibẹ̀ rí? Ó mú ọkọ́, ó ro ìdí ògiri náà yípo ìlú, kò fi ìtàkùn kan sílẹ̀. Òjìji náà ní, "A kò ní ọwọ́ mọ́. Kí la ó fi san àáró yìí?" Àwẹ̀ró ní, "Ẹ ṣáà wá ná. Kì í ṣe ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń san án."

Báyìí ló ṣe ń ti ìlú dé ìlú. Ó bá àwọn tó ń fi ẹ̀yìn rìn gbin ẹ̀wà, tí wọ́n ń tẹ irúgbìn ara wọn mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Ó bá àwọn ọlọ́rùn gígùn walẹ̀ kànga, nítorí wọn ò lè bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti bi í pé kí ló ń wá, á sọ ti ìkòkò fún wọn, á sọ ti òjìji tó pọn ọmọ. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń fi sílẹ̀ níbi gbogbo: "N ó pè yín." Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ó wá dé Mojùwọ́nlọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìlú tí agbára kún bẹ́ẹ̀, wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀! Aṣọ ni wọ́n fi ń wé ẹnu ọmọ odó kí wọ́n tó gúnyán, kí ìró rẹ̀ má baà jí ohun tó wà nínú ìkòkò. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fò. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sín, ìta odi ló ń sá lọ. Àwẹ̀ró wò wọ́n, ẹ̀rín pa á, ó rẹ́rìn-ín kèékèé, ni gbogbo ọjà bá dojú bolẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ wọn lójú, ata ló fi sẹ́nu, wọ́n tún ń dọ̀bálẹ̀ fún un.

Wọ́n mú un dé iwájú ọba. Ìkòkò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ jáde lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ bojú, ó sì rí egungun ọwọ́ ara rẹ̀, gbogbo ìka rẹ̀, bí ìgbà tí kò sí ẹran lára wọn mọ́. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà á. Síbẹ̀ ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ọmọ mi fẹ́ bímọ. Ẹ má ṣí i."

Ọba rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó sùn. Ó ní, "Ìyá, èmi pàápàá kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ tí mo jọba. Ṣùgbọ́n bí mo bá jù ú nù, ti Tèmiyàtọ̀ ńkọ́? Kí ó kọ́kọ́ ju tirẹ̀."

Àwẹ̀ró gba Tèmiyàtọ̀ lọ. Ọba ibẹ̀ sọ bákan náà gẹ́lẹ́, àní wúyẹ́wúyẹ́ yẹn náà ni. Kò bá a jiyàn. Ó bá olorì ọba náà kọ ebè ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ààfin, ó dágbére, ó padà sí Mojùwọ́nlọ. Ibẹ̀ ló ti rí ìyá ọba, arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, tó ń fọwọ́ tu koríko nínú oko ilá, nítorí gbogbo ọ̀dọ́kùnrin ìlú ló wà nídìí ìkòkò, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Àwẹ̀ró kí i, ó wọ oko, ó ro ó mọ́ tónítóní.

Ìyá ọba ní, "Ọmọ mi, kí ni n ó fún ọ?"

"Àáró ni, ìyá."

Arúgbó náà wò ó, ó mi orí. "Mo gbọ́. Ìgbàkigbà tó o bá pè mí, n ó wá."

Ọba ń wò wọ́n lójú fèrèsé. Ó rẹ́rìn-ín sínú, ó sọ fún àwọn ìjòyè pé, "Obìnrin tó fẹ́ gba ìkòkò lọ́wọ́ mi ti di alágbàṣe ìyá mi." Alágbàṣe ló pè é! Ó ti pẹ́ lórí ìtẹ́ jù, kò mọ ìyàtọ̀ iṣẹ́ àáró sí iṣẹ́ owó mọ́. Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n jẹ iṣu tuntun, bí ilẹ̀ ti mọ́, Àwẹ̀ró dúró láàárín ọ̀dàn, ó fi òkúta lu ojú ọkọ́ rẹ̀. Ó ké pé, "Ẹ̀yin tí mo bá ṣiṣẹ́, ọjọ́ àáró mi pé o!" Ilẹ̀ mì. Ẹlẹ́nulápá ló kọ́kọ́ yọ, tí gbogbo ẹnu rẹ̀ ń jẹ́ "Hòo!" Àwọn tó ń fi ẹ̀yìn rìn ń bọ̀, àwọn ọlọ́rùn gígùn ń bọ̀, iwin tí n kò lè dárúkọ ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Èmi náà wà níbẹ̀ o! Ó ti bá mi kọ ebè lọ́dún tí mo ń lé ẹfọ̀n kiri, n kò sì tíì san án. Mo gbé ìbọn mi dé, mo dúró bí akọni. Ó ní, "Ọdẹ́níran, ta ló fi ìbọn ro oko rí?" Mo rọra gbé e sílẹ̀, mo gba ọkọ́.

Ní Mojùwọ́nlọ, ìyá ọba ti mú ọkọ́ tirẹ̀. Ọba ní kò gbọ́dọ̀ lọ. Ó ní, "Mo jẹ àáró. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n má sin òkú mi ni?" Ọba kò lè jẹ́ kí ìyá rẹ̀ nìkan wọ àárín iwin, kò sì lè fi ìkòkò sílẹ̀ sẹ́yìn. Ló bá gbé e mọ́ra, ó tẹ̀ lé e. Ní Tèmiyàtọ̀, bí olorì ṣe ń lọ ni ọba ibẹ̀ náà gbé tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Báyìí ni ìkòkò méjèèjì ṣe pàdé lórí ọ̀dàn.

Àwẹ̀ró kò kí ọba kankan. Ó tò wá ní ọ̀wọ́, ó ní ká wa ihò. A wà á. Oòrùn dé àtàrí, igi kan kò sí níbẹ̀, ahọ́n àwọn iwin ti ń yọ síta. Ni ibòji kan bá rọra bò wá. A gbójú sókè, kò sí ìkùukùu. Àwọn òjìji ni. Wọ́n ti kúrò lára ògiri wọn, wọ́n na ara wọn bo orí àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ń fi ibòji san àáró. Tútù wọ ara wa. Mo ti rí ẹkùn, mo ti rí erè tó gbé àgbọ̀nrín mì, n kò rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó sì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọba Mojùwọ́nlọ wo ara rẹ̀. Òjìji obìnrin tó pọn ọmọ ló bò ó. Ó béèrè pé, "Ta nìyí lórí mi?" Àwẹ̀ró ní, "Ẹni tí ìkòkò tó wà lọ́wọ́ yín yẹn jó ni, kábíyèsí. Ó ń ṣíji bò yín kí oòrùn má pa yín."

Ihò jìn tó. Àwẹ̀ró ní oòrùn ńlá tó wà lókè pàápàá, inú ilẹ̀ ló ń wọ̀ lọ sùn ní ìrọ̀lẹ́, kí ọmọ rẹ̀ náà lọ sùn. Ó mú ọba méjèèjì dúró sínú ọ̀wọ́, ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó ní, "Nínú àáró, kò sí ẹni tó ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti ké, kí ẹ jọ sọ ọ́ kalẹ̀." Ó ké pé, "Ó yá!"

Kò sí èyí tó gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Ọba méjèèjì ń fẹ̀gbẹ́ ojú wo ara wọn, òógùn ń ṣàn lójú wọn. Mo wo Àwẹ̀ró, mo rí i tó fọwọ́ di ikùn ara rẹ̀ mú.

Ni ìyá ọba bá ju ọkọ́ sílẹ̀, ó fi ìdí wọ́lẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò náà. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè sí ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Gbé e fún mi. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti gbé e sílẹ̀ lójú ọba Tèmiyàtọ̀, kì í ṣe òun lò ń gbé e fún. Èmi tí mo bí ọ ni. Bí yóò bá ṣí, kó ṣí sí mi lójú." Kí a tó mọ̀, olorì Tèmiyàtọ̀ náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè sí ọkọ tirẹ̀.

Àwẹ̀ró tún ké. "Ó yá o!"

Ọba méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkòkò méjèèjì kúrò lọ́wọ́ wọn. Àwọn obìnrin méjì náà rọra gbé wọn jókòó sí ìsàlẹ̀ ihò bí ẹni tó ń tẹ́ ìkókó, a fa ìyá ọba àti olorì jáde, gbogbo wa sì jọ wa erùpẹ̀ bo ìkòkò náà títí ìmọ́lẹ̀ náà fi wọ̀. Ọba Mojùwọ́nlọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sín. Ó sín gan-an! Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, tí omi ń dà lójú rẹ̀.

Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni gbogbo wa gbọ́ ohùn ọmọ kékeré kan lókè orí wa. Ó ní, "Ìyá mi, ṣé a ti délé?"

Òjìji ìyá rẹ̀ ní, "A ti délé, ọmọ mi." Oòrùn yẹ̀, a kò sì rí òjìji kankan mọ́.

Kí a tó túká, a fi ọkọ́ tilẹ̀, a búra. Ẹnikẹ́ni tó bá tún mọ irú ìkòkò yẹn, ọba ni o, iwin ni o, a kò ní bá a ro oko, a kò ní bá a walẹ̀ kànga, a kò ní bá a sin òkú. Kí ó wà ní òun nìkan pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gúnyán tuntun ní Mojùwọ́nlọ láìwé aṣọ mọ́ ọmọ odó, a sì ń gbọ́ ìró rẹ̀ títí dé Ìdí-Àràbà. Ìró yẹn ló ń dún lọ́wọ́ tí Ìbídùn fi bímọ. Obìnrin ni, ó ké, ó lágbára. Àwẹ̀ró gbà á, ó kàn ń ka ìka ọwọ́ ọmọ náà, á kà á tán, á tún un kà. Dúrójayé ni wọ́n sọ ọ́.

Ẹ gbójú sókè. Ọmọ tó ń pín àgbàdo sísun fún yín láti ìgbà tí ẹ ti jókòó nìyẹn. Dúrójayé, dìde kí wọ́n rí ọ. Àwẹ̀ró ti sùn sínú ilẹ̀, ọkọ́ rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún ọmọ yìí. Àwọn ọlọ́rùn gígùn sì ti ránṣẹ́ sí wa pé ìlú kan wà lẹ́yìn òkè tó ń jẹ́ Àwanìkan, pé àwọn náà ti ń mọ ìkòkò, wọ́n ń dọdẹ oòrùn kiri.

Ìwọ tí ò ń húkọ́, ta ló bá ọ ro oko rẹ nígbà tí àìsàn dá ọ dùbúlẹ̀? Ìwọ ńkọ́, ta ló bá ọ gbé òrùlé rẹ nígbà tí ìjì ṣí i? Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ẹní, ta ló bá yín kórè ẹ̀wà yín lọ́dún yìí tó kọ̀ láti gba nǹkan kan? Ẹ ti ń wo ara yín. Ẹ rò pé ọ̀yàyà lásán ló ń ṣe Dúrójayé ni?

Òjò ti dá. Dúrójayé, ọmọ mi, lu ọkọ́ rẹ.

Ó yá o. Tiyín dà?